Eyín Tí Mo Ṣe fún Ẹnu Tí Mi Ò Rí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà, ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n bí sí Houston tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe: kò sí iṣẹ́ tó dùn tó iṣẹ́ eyín! Mi ò sọ ti dókítà eyín o. Dókítà eyín lẹ máa ń rí nínú yàrá tó mọ́ tónítóní, tó wọ ìbọ̀wọ́, tó ń ní kí ẹ la ẹnu. Èmi ń sọ ti àwa tí a wà lẹ́yìn, nínú lábù kékeré tí kò ní fèrèsé, tí a ń fi ọwọ́ ṣe eyín tí dókítà máa wá fi sí yín lẹ́nu. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi ṣe é. Ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì, àmọ́ títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín níwájú mi, eyín rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, ọmọ mi Táyọ̀ sì máa ń bínú sí mi nítorí ẹ̀.

"Mummy, ẹ ti ń stare again," ló máa ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, look at her eyes like a normal person."

Ojú ńkọ́? Ojú lè purọ́. Eyín kì í purọ́.

Orúkọ mi ni Fọlákẹ́. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí kò gùn. Ọkọ mi, Bàbá Táyọ̀, ń kàwé ẹnjiníà lọ́wọ́, inú apartment kan ní Alief là ń gbé, ẹ̀yìn mi ni Táyọ̀ ṣì wà, mo sì ń wá iṣẹ́. Mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ní Fondren Southwest pé wọ́n ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Mo wọlé, mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ, wọ́n wò ó, wọ́n gbà mí. Owó tí wọ́n ń san kéré níbẹ̀rẹ̀, ó lé díẹ̀ nígbà tó yá, a jẹun, a sùn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀gá tó gbà mí ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀.

Ọ̀gá Rágù là ń pè é. Ará gúúsù Íńdíà ni, ẹlẹ́sìn Híńdù, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń wọ awò ojú méjì lórí ara wọn tó bá ń ṣiṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, èmi ni mò ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún yín níbí. Ọkùnrin náà le! Ẹ̀yin tí ẹ ń kígbe pé mánija yín fi ojú burúkú wò yín, ẹ ò tíì rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fún mi ní ègé ìda mẹ́wàá, ó gbé eyín kan tí wọ́n fi púlásítà ṣe síwájú mi, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fomi pò tó sì ń le, ó ní kí n gbẹ́ irú rẹ̀ mẹ́wàá. Mo gbẹ́ ẹ láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, ọrùn ń ro mí, ojú ń ta mí. Nígbà tó di aago márùn-ún, ó dé, ó gbé wọn wò lábẹ́ iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní ó dára, kò ní kò dára. Ó kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú ìkòkò kékeré kan tó wà lórí iná, wọ́n sì yọ́.

"Lọ́la," ó ní, "wàá tún gbẹ́ mẹ́wàá."

Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀! Gbogbo ohun tí mo bá fi ọjọ́ kan gbẹ́, ìkòkò lọ̀gá ń dà á sí. Tí mo bá délé, tí Bàbá Táyọ̀ bi mí pé kí ni mo ṣe lónìí, mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi hàn án. Ó wá di ọjọ́ kan, mo gbẹ́ eyín kan tó dà bí ẹni pé ó jáde láti ẹnu ènìyàn gidi. Mo ní rárá o, èyí ò ní yọ́. Mo fi tíṣù wé e, mo kì í bọ àpò mi, mo gbé e lọ sílé.

Bàbá Táyọ̀ gbé e sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ìyá Táyọ̀, seriously? Eyín kan ṣoṣo? All day?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí ọ̀gá ti na ọwọ́ sí mi. "Mẹ́wàá ni mo fún ẹ. Mẹ́sàn-án ló yọ́."

"Mo gbé e lọ fi han ọkọ mi ni, sà."

"Kí ló sọ?"

"Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ká ní ó yìn ẹ́ ńkọ́? Ṣé eyín náà á dára ju bó ṣe wà lọ?"

Ó gba eyín náà, ó jù ú sínú ìkòkò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi. Ó ní nínú ẹ̀sìn àwọn, ọ̀nà kan wà sí ọ̀dọ̀ Ọlọ́run tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni ènìyàn fi ń rìn ín. Kò dìgbà tí ènìyàn bá sá lọ sínú igbó lọ máa gbààwẹ̀. Kí o ṣe èyí tó kàn ọ́ tọkàntọkàn, kí o fi fún Ọlọ́run bí ẹni gbé ẹ̀bùn kalẹ̀, kí o sì mú ọwọ́ kúrò lára ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde, ìyìn ni o, èébú ni o. Ó ní kámà nìyẹn, èyí tí ènìyàn ń ṣe láìwá nǹkan kan fún ara rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́. Kámà tí èmi mọ̀ ni èyí tí gbogbo wa ń sọ ní Alief: bí ẹnì kan bá já ààyè ọkọ̀ gbà mọ́ ọ lọ́wọ́ ní mall, tó jáde tó bá táyà rẹ̀ nílẹ̀, o ó rẹ́rìn-ín, o ó ní kámà ti mú un!

Gbogbo òfin lábù wa ló sì bá ọ̀rọ̀ yẹn mu. Iṣẹ́ ń wọlé nínú àpótí kékeré, ìyẹn púlásítà tó gbé àwòrán inú ẹnu ẹni tó fẹ́ eyín, nọ́mbà ló wà lára àpótí, kò sí orúkọ. A kì í béèrè ẹni tó ni ín. Bí a bá parí iṣẹ́, a ó gbé e sórí tíréè, a ó la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, a ó sún ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé báwo ni. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọ̀gá á fọ gbogbo irinṣẹ́, á fi àtíkè pupa kan tó wọn, á fi òdòdó lé wọn lórí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wọn lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá mi ní Ìjẹ̀bú, owú tó fi ń lu irin náà ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀. Mi ò di Híńdù o! Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mo sì ń jókòó níwájú. Àmọ́ mo bọ̀wọ̀ fún un.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìkan ni pé ọkùnrin yìí kì í yin ènìyàn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí gbogbo ìtàn mi dá lórí èyí: nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń wá nínú lábù yẹn, kó gbé iṣẹ́ mi sábẹ́ iná, kó wò ó, kó ní, "Fọla, ó dára." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń yẹ iṣẹ́ mi wò, bí ọmọ tó ń wo ìyá rẹ̀ nídìí ìkòkò ẹran. Ọdún kan kọjá, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Kò sọ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ní ọdún kẹrin, àpótí kan wọlé. Odidi eyín òkè ni, fún obìnrin àgbàlagbà kan. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá pé ó fẹ́ lò ó níbi ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. A to eyín náà sórí ìda, dókítà dán an wò lẹ́nu ìyá náà, ó dá a padà pé ó ṣe rẹ́gí, ká parí ẹ̀. Ohun tó kù ni ká fi ike líle rọ́pò ìda yẹn, tó bá sì ti di ike, ó parí, kò ṣeé yí mọ́. Ọ̀gá ní kí n ṣe ìyẹn, ó gbéra lọ sí pápákọ̀ òfurufú lọ gbé àlejò.

Ó ku èmi nìkan. Mo wo eyín náà. Ó tò gbọn-in gbọn-in, ó sì sú mi. Mo ní, ẹ gbà mí, ṣé ìyá yìí fẹ́ gbé ẹnu báyìí lọ sí ìgbéyàwó? Ṣé ẹ̀yin mọ ohun tí èjí jẹ́ nílé wa? Obìnrin tó bá ní àlàfo díẹ̀ yẹn láàárín eyín iwájú, bó bá rẹ́rìn-ín, àwọn ènìyàn á dákẹ́ ọ̀rọ̀! Ìyá mi ní in, mi ò ní in, ó sì dùn mí títí dòní. Mo tan iná sábẹ́ ọ̀bẹ, mo yọ́ ìda díẹ̀, mo sún eyín iwájú méjèèjì kúrò lára ara wọn, ó kàn tó ìwọ̀n ìdí abẹ́rẹ́. Áà! Ó rẹwà! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo ti ń gbọ́ ọ létí bí dókítà ṣe máa pe lábù tó máa béèrè pé ta ló ṣe èyí, tí ọ̀gá á sì yí padà, á wò mí, á sọ ọ̀rọ̀ tí mò ń retí. Mo fi ike rọ́pò ìda, mo dán an, mo dì í. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n gbé e lọ.

Lóòótọ́, dókítà pè. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni.

Mo ń wo ojú ọ̀gá bó ṣe ń tẹ́tí sí fóònù. Ó gbọ́ ọ títí. Ó wá ní, "Lábù mi ló ṣe é. Èmi ni mo ṣe é. Mò ń bọ̀." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní kí n tẹ̀lé òun. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn nínú gbogbo ọdún tí mo bá a ṣiṣẹ́ tó mú mi lọ rí ẹni tó ni eyín.

Ìyá aláwọ̀ funfun kan ni, orí rẹ̀ funfun báláú, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Wọ́n ti kánjú fi eyín náà sí i lẹ́nu nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, ilé ló dé kó tó rí dígí.

"Ẹnu ta lẹ fi sí mi lẹ́nu?" ló bi ọ̀gá mi. "Láti àárọ̀ títí ìyàwó fi lọ, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rò pé mi ò fẹ́ràn ọkọ tó fẹ́. Ó sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀, nítorí mi."

Mo kúnlẹ̀ gbàgà sílẹ̀, níbẹ̀ yẹn, láàárín ọ́fíìsì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni. Èmi ni mo ṣe é, ẹ má bínú." Nọ́ọ̀sì rò pé mo dákú! Ó sáré gbé omi wá, ẹnì kan ń béèrè bóyá kí wọ́n pe ambulance, dókítà ń gbìyànjú láti gbé mi dìde, èmi sì ń tẹ ara mi mọ́lẹ̀ pé mi ò dìde títí ìyá á fi dárí jì mí. Ìyá náà ò mọ ohun tó máa ṣe sí mi. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní kí n dìde, ó ti tó.

Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àmọ́ ojú tì mí lọ́jọ́ náà débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ la ẹnu.

A bọ́ sí freeway. Ọ̀gá ń wakọ̀. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ lé mi lọ. Kámà ti mú mi."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kí ni ìwọ ń pè ní kámà?"

"Ẹ̀san. Ohun tí ènìyàn ṣe tó ń padà wá bá a."

"Ìyẹn wà nínú ẹ̀, àmọ́ etí ẹ̀ nìkan lo dì mú. Kámà ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀, gbogbo ohun tí o bá fi ọwọ́ ṣe, tí o fi ẹnu sọ, tí o fi ọkàn rò. Kò sí èyí tó ń ṣòfò níbẹ̀. Ó ń sọ ẹ́ di irú ènìyàn kan, ó sì ń bá ẹ lọ láti ayé kan dé òmíràn, títí wàá fi bọ́."

"Báwo ni mo ṣe máa bọ́? Kí n má ṣiṣẹ́ mọ́?"

"Ẹni tó jókòó gẹlẹtẹ, òun náà ń ṣe nǹkan. Ìwọ ronú. Kí ló dè ẹ́ mọ́ eyín yẹn, ṣé iṣẹ́ ni àbí ohun tí ò ń retí nídìí iṣẹ́? O rò pé iṣẹ́ burúkú nìkan ló ń de ènìyàn. Iṣẹ́ rere náà ń dè é, tó bá ti jẹ́ pé ìyìn ló ń wò."

Inú bí mi. Mo ní kí n kúkú sọ ohun tó ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́rin. "Ọ̀gá, ẹni tí kò bá retí nǹkan kan, jákujàku ló máa ṣiṣẹ́! Bí mi ò bá bìkítà, ta ló máa jẹ ẹran pẹ̀lú eyín tí mo bá ṣe?"

"Ta ló ní kí o má bìkítà?" Ohùn rẹ̀ lọ sókè, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. "Nígbà tí o sún eyín méjèèjì yẹn, ta lò ń wò?"

Mo fẹ́ sọ pé ìyá yẹn ni. Irọ́ ni, mo sì mọ̀. Mi ò rí ìyá yẹn rárá. Ìyá tèmi ni mo rí, mo sì rí ara mi níbi tí wọ́n ti ń yìn mí.

"Ara mi ni mò ń wò, sà."

"Ó dáa. Ẹni tó bá gbójú kúrò lára ara ẹ̀ ló máa ráyè wo ẹnu tó wà níwájú ẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Àwọn àgbà wa kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e lórí, àmọ́ èmi, eyín ni mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Kò lé mi. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣe eyín mìíràn fún ìyá náà, kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èmi, ọdún kan gbáko, eyín ẹ̀yìn nìkan ló fún mi ṣe, àwọn èrìgì tí a fi ń rún oúnjẹ, tí ẹnikẹ́ni kì í rí, tí ẹnikẹ́ni ò lè yìn ọ́ lé lórí. Bàbá Táyọ̀ ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. "This man fẹ́ fi ìyà pa ẹ́," ó ní. Mi ò lọ. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Láàárín ọdún yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ara mi! Mo wá mọ̀ pé ọ̀nà tí ènìyàn gbà ń jẹun yàtọ̀ síra. Ẹlòmíì ń fi apá ọ̀tún jẹ, ẹlòmíì ń payín keke lójú oorun, bí mo bá wo púlásítà ẹnu kan pẹ́, mo lè sọ fún yín bóyá agbéraga ni onítọ̀hún tàbí oníjàgídíjàgan. Àpótí á dé, ara mi á yá gágá, bí ìgbà tí lẹ́tà bá dé láti ilé. Mo gbàgbé láti máa wo ojú ọ̀gá. Ní ọjọ́ kan, ó gbé eyín iwájú síwájú mi, bí mo ṣe bọ́ nínú ìyà nìyẹn.

Ṣé ẹ rò pé mo ti wá di ẹni mímọ́? Rárá o! Mo ṣì ń fẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó kàn jẹ́ pé mi ò fẹ́ ẹ lójoojúmọ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, púlásítà, ìda, ọ̀bẹ àti ìléru ni gbogbo irinṣẹ́ wa, èékánná mi kì í mọ́. Àfi bí dókítà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá kan tó ní iná ya fọ́tò inú ẹnu, tí fọ́tò náà ń yọ sórí kọ̀ǹpútà wa, tí ẹ̀rọ kan tó tóbi tó fíríìjì wá ń gbẹ́ eyín jáde láti ara nǹkan funfun kan tó le bí òkúta. Mo bínú! Mo rò pé ọ̀gá, tó ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún, á ní kí wọ́n gbé e jáde. Ọ̀gá fa àga síwájú ẹ̀rọ náà, ó ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

"Fọla, wá wò ó! Wá wò ó!"

"Ọ̀gá, nǹkan yìí máa gba iṣẹ́ wa."

"Kò lè rí ẹnu, ìwọ lo máa rí ẹnu. Àmọ́ òun ni ọmọ iṣẹ́ tó dára jù tí mo ní. Ó ń gbẹ́ eyín láti àárọ̀, kò tíì wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan!"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ọkùnrin yìí ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ojú òun ni mò ń wò! Mo kọ́ ẹ̀rọ náà, mo mọ̀ ọ́n ju àwọn ọmọ tó jáde ní college lọ.

Ojú ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó fi lábù sílẹ̀ fún mi, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Fulshear, nínú àwọn ilé tuntun tó jọ ara wọn yẹn. Títí tó fi lọ, kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó ku ọdún mẹ́ta kí n fẹ̀yìn tì, àpótí kan wọlé láti ọ̀dọ̀ dókítà kan lápá ìwọ̀ oòrùn. Odidi eyín, òkè àti ìsàlẹ̀. Nọ́mbà ló wà lára rẹ̀ bí ti gbogbo wọn. Mo gbé púlásítà ẹnu náà jáde, mo wo àjà ẹnu, mo sì gbé e sílẹ̀ kíákíá. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ẹnu ara wa la fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń po púlásítà, ẹnu ọ̀gá mi sì ni mo fi púlásítà ṣe jù. Eyín lè tán lẹ́nu ènìyàn, àmọ́ ìlà tó wà lájà ẹnu kì í yí padà. Ẹnu Ọ̀gá Rágù ló wà níwájú mi!

Mo rìn yí lábù po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo lè pè é. Mo lè ní, ọ̀gá, èmi ni mò ń ṣe eyín yín, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Mo sì mọ̀ pé bó bá wọlé sí i lẹ́nu tó sì dára, ó máa sọ ọ́, ó di dandan kó sọ ọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn!

Mi ò pè é. Mo wá púlásítà rẹ̀ àtijọ́ lórí pẹpẹ, mo sì ṣe eyín tirẹ̀ fún un, kì í ṣe eyín tó rẹwà. Èyí tó wọ́ díẹ̀ nísàlẹ̀, mo wọ́ ọ. Èyí tó ti jẹ ní etí lápá òsì, mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ, mo fi ọwọ́ parí ẹ̀. Mo gbé e sórí tíréè, mo la ọwọ́, mo sún ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Mi ò sọ fún Bàbá Táyọ̀ pàápàá. Ọ̀gá mi ti papòdà báyìí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ọ, bí ẹ bá sì ní ìyìn ni mò ń wá báyìí, ó ṣeé ṣe kí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo wakọ̀ lọ kí i ní Fulshear, bí mo ṣe máa ń lọ. Mo din ṣinṣín lọ fún un, èyí tó le gan-an. Ó jókòó lójú fèrèsé, kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ó mọ ìrìn mi. Mo gbé abọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ju ẹyọ kan sẹ́nu, mo gbọ́ ọ: kẹ̀rẹ́! Ó ju òmíràn sí i.

"Wọ́n ṣe eyín tuntun fún mi," ó ní.

"Mo rí i, sà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń wá àléébù lára ẹ̀." Ó ń rún un, kẹ̀rẹ́ kẹ̀rẹ́. "Ahọ́n mi ń wá ibi tí ẹni tó ṣe é ti fi ara ẹ̀ hàn. Kò sí. Eyín mi ni wọ́n dá padà fún mi. Ó dára, Fọla. Ó dára gan-an." Ó yí ojú sí mi. "Ìwọ lo mọ gbogbo àwọn tó ń ṣe é nílùú yìí. Ta ló ṣe é?"

Omi ti dé ojú mi. Inú mi ń dùn débi pé mo fi ọwọ́ di àga mú kí n má baà fò sókè. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, ó ku kí n la ẹnu.

"Lábù pọ̀ ní Houston, ọ̀gá," mo ní. "Ẹ jẹ́ n bu ṣinṣín sí i fún yín."

Ó mi orí, ó na abọ́ sí mi.

Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún lórí freeway títí mo fi dé Alief, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọlọ́pàá dá mi dúró. Bàbá Táyọ̀ ṣílẹ̀kùn, ó wo ojú mi.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Why are you smiling like that?"

Mo ní, "Ọ̀gá mi rí ṣinṣín jẹ."